Ohun Tó Wà Nínú Ògì Bàbá Lásísì

Lọ́jọ́ tí Serifat kọ́kọ́ fojú kan Awwal, bàbá rẹ̀ ló pọ̀n sẹ́yìn. Kì í ṣe àsọdùn. Ọkùnrin gíga kan, ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, pọ̀n arúgbó bí ẹni pọ̀n ọmọ, ó ń sáré gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn kékeré kan ní Fola Agoro, bàbá náà sì ń fi agboòrùn gbá a léjìká bí wọ́n ti ń bọ̀.

"Sọ̀ mí kalẹ̀, Awwal. Ṣé ìyàwó lo gbé ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ ṣubú lulẹ̀ nídìí ẹ̀rọ."

"Òòyì ló kọ́ mi. Òòyì ò kọ́ ẹ rí?"

Serifat, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ti gbé àga onítáyà wá. Wọ́n gbé bàbá jókòó. Ibẹ̀ ni ojú Serifat ti bọ́ sára ọwọ́ ọmọ. Ìka rẹ̀ búlúù. Èékánná rẹ̀ búlúù. Ohun tí wọ́n sì kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ni pé bí èékánná ènìyàn bá ti di búlúù, afẹ́fẹ́ ò dé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dáadáa mọ́, kò sì sí àyè à ń fọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó di Awwal mú léjìká, ó tì í jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì fi ìbòmú ọ́síjìn bò ó nímú.

"Ẹ mí sínú. Ẹ mí síta. Ṣé àyà ń dùn yín?"

"Rárá, nọ́ọ̀sì, bàbá mi ni..."

"Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà máa mí."

Bàbá tó jókòó sórí àga wo gbogbo rẹ̀ títí, ó wá mi orí. "Nọ́ọ̀sì, íǹkì ni. Ìwé la máa ń tẹ̀ ní Bajulaiye. Tí o bá fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ọṣẹ ni kí o fún un, afẹ́fẹ́ kọ́."

Ojú ti Serifat débi pé ó fẹ́ wọ ilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Awwal bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nínú ìbòmú, ẹ̀rín tó ń mú èjìká mì, ẹ̀rín ẹni tí ẹ̀rù ti ń bà láti àárọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi tó máa sọ ẹrù kalẹ̀ sí. Serifat náà bá a rẹ́rìn-ín. Kó tó di pé wọ́n mọ orúkọ ara wọn, wọ́n ti jọ rẹ́rìn-ín ohun kan náà, ó sì máa ń ṣòro fún ọkàn láti gbàgbé irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró nígbà tí wọ́n wọn ìfúnpá Bàbá Lásísì. Ó ti kọjá igba. Dókítà Bámilóyè, tó ni ilé ìwòsàn náà, ní kí wọ́n dá a dúró, ó sì kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún un, hóró kan láràárọ̀. Bàbá gba hóró náà, ó yí i wò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dá a padà sínú páálí rẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti fún mi rí. Mi ò lò ó."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Dókítà halẹ̀ mọ́ ọn pé rọpárọsẹ̀ ò mọ àgbà. Awwal fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ńtì wọ́ọ̀dù. Bàbá fa aṣọ bora, ó kọjú sí ògiri, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun sùn.

Lọ́jọ́ kejì, Dókítà pe Serifat sí kọ̀rọ̀. "Láti àárọ̀ ọ̀la, máa lọ oògùn yẹn kúnná. Pò ó mọ́ ògì rẹ̀, fi mílíìkì àti ṣúgà sí i. Má sọ fún un. Má sọ fún ọmọ rẹ̀ náà, kò ní lè pa á mọ́ra."

"Dókítà, ṣé ó bójú mu báyìí?"

"Pósí ńkọ́? Ṣé òun ló bójú mu?"

Serifat gba páálí oògùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru yìí kan náà ló pa bàbá tirẹ̀ ní Abúlé Òkúta nígbà tó wà ní kíláàsì kẹta girama. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló ń so bàtà, kò so ó tán. Ó ro ìyẹn. Ó ro ojú Awwal tó ń wo bàbá rẹ̀. Ó fi odó kékeré lọ oògùn kúnná, ó pò ó mọ́ ògì gbígbóná, ó sì gbé e fún Bàbá pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́. Nínú ọkàn rẹ̀, ìfẹ́ ló pe ohun tó ń ṣe. Ìfẹ́ sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ náà le.

Wọ́ọ̀dù náà ò gbà ju bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta lọ. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá ni Godspower, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kun ilé ní Bariga, tó já bọ́ lórí àkàbà tó sì fi ẹsẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n ti fi pí-ó-pí di ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Òun àti Bàbá kì í dákẹ́. Bàbá ní ọ̀dà tí Godspower ń kùn kì í pẹ́ tó fi ń ṣí, Godspower ní ìwé tí Bàbá ń tẹ̀ kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń fi wé àkàrà. Wọ́n á jà báyìí títí, wọ́n á wá jọ pín ọsàn jẹ.

Láràárọ̀, bí Serifat bá ti gbé ògì dé, Bàbá á ní, "Bá mi mú ife kan sí i, ọmọ mi." Serifat á mú un wá. Ó rò pé omi ni wọ́n fẹ́ fi mu. Tó bá padà wá kó ife, gbogbo nǹkan ti mọ́ fónífóní.

Láràárọ̀ náà ni Awwal máa ń yà kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, á gbé ọwọ́ búlúù rẹ̀ sókè bí ẹni pé ọlọ́pàá ló dá a dúró.

"Nọ́ọ̀sì mi, ẹ ṣàyẹ̀wò mi. Àyà mi ò fi bẹ́ẹ̀ lọ déédéé lónìí."

"Níbo ló ti ń dùn yín?"

"Kì í dùn mí. Tí mo bá rí yín ló máa ń sáré."

"Àìsàn ẹnu nìyẹn. A ò ní oògùn rẹ̀ níbí."

Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ á yí padà, á rọra bi í pé, "Báwo ni Bàbá?"

"Wọ́n mu ògì wọn tán," ni Serifat á sọ, á sì rẹ́rìn-ín. Irọ́ kọ́. Ìfúnpá Bàbá ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ náà, Awwal sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi ìsinmi nìkan wo bàbá òun sàn.

Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn. Nírọ̀lẹ́, tí Serifat bá ti jáde lẹ́nu iṣẹ́, Awwal á sìn ín lọ sí Abúlé Òkúta, wọ́n á ra àgbàdo sísun lójú ọ̀nà, Awwal á sì fi tirẹ̀ tó jinná dáadáa gba ti Serifat tó jóná. Lọ́jọ́ kan ó mú ìwé kékeré kan wá fún un, tó fi àjákù ìwé inú ṣọ́ọ̀bù gé, tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, tó sì tẹ orúkọ rẹ̀ sí ara èèpo rẹ̀: SERIFAT.

"Kí ni kí n máa kọ sínú ẹ̀?"

"Ohunkóhun tí o ò bá fẹ́ gbàgbé."

Serifat fi ìwé náà sí àpò aṣọ funfun rẹ̀. Nígbà tó délé, ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́, ó fẹ́ kọ nǹkan, àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni odó kékeré yẹn. Ó pa ìwé dé.

Ọ̀rọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lára nítorí Bàbá fúnra rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bó ti gbé ògì dúró tì í, Bàbá ń sọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ fún Godspower.

"Ogójì ọdún ni mo fi tẹ̀wé. Mi ò tẹ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni rí tí ò fọwọ́ sí pùrúùfù. Bó jẹ́ ìwé òkú ni, bó jẹ́ káàdì ọmọ ìkókó ni. Mo máa kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan, mo máa gbé e fún oníṣẹ́, mo máa ní, kà á. Tó bá kà á, tó fọwọ́ sí i, ẹ̀rọ á wá ṣiṣẹ́."

"Tí onítọ̀hún bá ń kánjú ńkọ́, Bàbá?"

"Ẹnì kan kánjú rí. Ó ní kí n ṣáà tẹ̀ ẹ́, òun fọkàn tán mi. Mo wọ ọkọ̀ lọ bá a ní Ìkòròdú tòun ti pùrúùfù. Kì í ṣe pé mi ò mọ iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n orúkọ tèmi kọ́ ló wà lára ìwé yẹn, tirẹ̀ ni." Ó yíjú sí Serifat, ó gba ògì lọ́wọ́ rẹ̀. "O ṣé, ọmọ mi. Bá mi mú ife kan sí i."

Serifat jáde lọ mú ife, ó sì dúró díẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi kó tó lè padà wọlé.

Lọ́jọ́ kejì ìyẹn, ó gbọ́ tí Bàbá ń hú ikọ́, ikọ́ gbígbẹ kan tí kì í mú nǹkan jáde. "Ikọ́ mi tún ti dé," ni Bàbá wí. "Bẹ́ẹ̀ mi ò fẹnu kan oògùn wọn." Serifat rò pé ọyẹ́ ni.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ fi ń bá a. Ti Serifat ò tilẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ó jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Awwal ti dé, ó ń bá bàbá rẹ̀ gé èékánná. Godspower gbé ara lé ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì pé òun fẹ́ lọ tọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹta.

"Bàbá, ilẹ̀ yìí ń yí o," ló wí, ọ̀pá kan lọ sápá ibí, ìkejì lọ sọ́hùn-ún.

Awwal ju abẹ ọwọ́ rẹ̀ nù, ó gbá a mú, àwọn méjèèjì sì jọ wó lu Bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá ń pariwo pé ẹsẹ̀ ọmọ náà, ẹ ṣọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ọlọ́run yọ ọ́, orí nìkan ló fi gbá irin.

Dókítà sáré dé, ó wọn ìfúnpá Godspower. Ó ti wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. "Kí lo jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Ògì Bàbá ni o, Dókítà. Ojoojúmọ́ ni Bàbá ń bù ú fún mi kí wọ́n tó mu tiwọn. Wọ́n ní sàárà ni. Abeg, kì í ṣe pé mo jí i mu."

Bàbá mi orí. "Ìyá mi ló kọ́ mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Oúnjẹ tí mo bá kọ́kọ́ rí láàárọ̀, ìdajì rẹ̀ ti ẹni tó wà nítòsí ni."

Serifat wo ife kejì lórí tábìlì. Ìgbà yẹn ló tó mọ iṣẹ́ tí ife náà ń ṣe.

Dókítà wo Serifat. Ó ní, "Àárẹ̀ ni. Ẹ fa omi sí i lára," ojú rẹ̀ sì ń sọ fún Serifat pé kó pa ẹnu mọ́. Ì bá sì ti rọrùn. Omi á wọra Godspower, ara rẹ̀ á balẹ̀ kó tó di ọ̀sán, Awwal á dúró dè é nírọ̀lẹ́ ní ẹnu géètì, wọ́n á jẹ àgbàdo lọ sílé. Gbogbo rẹ̀ ni Serifat rò láàárín ìgbà tí ènìyàn lè fi ká aṣọ ìnura.

Ṣùgbọ́n Bàbá ti gbé ife kejì náà, ó ń wo inú rẹ̀. "Àbí ògì mi ló ṣe é? Ọwọ́ mi ni mo fi bù ú fún un. Awwal, kí ni mo fún ọmọ ọlọ́mọ mu?"

Serifat kúnlẹ̀. "Bàbá, ọwọ́ yín mọ́. Èmi ni. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ kọ̀ ni mo ń lọ̀ sínú ògì yín láti ọjọ́ kẹta tí ẹ ti dé."

Bàbá gbé ife náà kalẹ̀.

"Ta ló ní kí o ṣe é?" ni Bàbá bi í.

Serifat tẹ orí ba. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Dókítà Bámilóyè ló bọ́ awò ojú rẹ̀, tó nù ún. "Èmi ni," ló wí.

Awwal ò gbóhùn sókè. Ìyẹn ló burú jù. "Nọ́ọ̀sì, láràárọ̀ ni mo ń bi yín pé báwo ni Bàbá. Kí lẹ máa ń sọ fún mi?"

"Mo ní... wọ́n mu ògì wọn tán."

"Ẹ tún máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ ṣeun."

Nínú gbogbo ohun tó sọ, "ẹ" yẹn ló dun Serifat jù. Wọ́n ti fi ọ̀nà Abúlé Òkúta àti àgbàdo sísun gbé e kúrò láàárín wọn. Ó tún ti padà wá jókòó bí àlejò.

Wọ́n kó ẹrù Bàbá. Bàbá ò gbà kí wọ́n pọ̀n òun. Ó fi agboòrùn tilẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kò sì mú oògùn kankan lọ. Lọ́sàn-án, Dókítà pe Serifat, ó ní ó yẹ kó ti kọ́kọ́ wá bá òun kó tó tú ọ̀rọ̀ síta níwájú aláìsàn, kó lọ jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sunkún. Ọjọ́ kejì, ó fa ìwé kékeré tí wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ sí yọ, ó kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ojú ewé mẹ́sàn-án. Ìyá rẹ̀, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbà á, ó kà á tán, ó fi lé orí àga.

"Ọmọ mi, o jẹ̀bi, dókítà rẹ náà jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. A kì í fi lẹ́tà bẹ bàbá."

"Mọ́mì, tí wọ́n bá lé mi ńkọ́?"

"Wọ́n á ti rí ojú ẹ kí wọ́n tó lé ẹ. Lọ wẹ̀. Kí n tó gbàgbé, ọlọ́wọ́ búlúù yẹn, ṣé ó jẹun dáadáa báyìí?"

Ohun tó sì ń ba Serifat lẹ́rù ju pé kí Awwal kọ̀ ọ́ lọ ni pé Bàbá wà nílé láìsí oògùn, tí ìfúnpá rẹ̀ á ti máa gòkè padà. Ó mú páálí oògùn náà, tó ti wà lápò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì, kò fi pamọ́ sínú báàgì. Ó dì í mú sọ́wọ́ kí gbogbo ayé lè rí i. Báyìí ló ṣe wọ Bajulaiye.

Òpópónà náà ń hó fún ariwo ẹ̀rọ. Níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, Bàbá Lásísì jókòó ti pùrúùfù kan, ó gbé awò kan tó ń mú nǹkan tóbi lé e, ó ń wo lẹ́tà ní ìkọ̀ọ̀kan. Awwal ń fa ìwé nínú ẹ̀rọ. Ó rí Serifat. Ó pa ẹ̀rọ, ó sì wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ láìsọ̀rọ̀.

Serifat kúnlẹ̀ sórí àjákù ìwé. "Bàbá, mo wá bẹ̀ yín. Mi ò ní fi pé mo fẹ́ gba ẹ̀mí yín là ṣe àwáwí. Ara yín ni, ẹ̀yin lẹ ni ín, mo fi nǹkan sí i tí ẹ ò fọwọ́ sí."

"Ó dáa. Dìde."

"Mo ṣì ní ìbéèrè kan, Bàbá. Ọjọ́ tí ẹ dé ló yẹ kí n ti bi yín. Kí ni oògùn yẹn ṣe fún yín tí ẹ fi kọ̀ ọ́?"

Bàbá gbé awò kalẹ̀. Ó wò ó títí. "Oṣù méje nìyí tí wọ́n ti ń bá mi jà. Dókítà méjì. Awwal. Ìmáàmù pàápàá wá wàásù fún mi. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí."

Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ikọ́ ni. Tí mo bá ti lò ó, ikọ́ gbígbẹ á bẹ̀rẹ̀, kò ní dúró. Mi ò lè ka Fátíà já. Mo máa wà lẹ́yìn ìmáàmù tí màá máa hú, àwọn ènìyàn á máa yà fún mi bí ẹni tó ní ikọ́ ife. Ojú tì mí, ọmọ mi. Mo wá rò ó pé kí n kúkú kú pẹ̀lú ìrun tó pé, ju kí n máa bá Ọlọ́run mi sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́-gẹ̀gẹ̀ lọ."

Serifat rántí ikọ́ tó gbọ́ ní wọ́ọ̀dù, tó pè ní ọyẹ́. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ó ṣí páálí oògùn, ó yọ ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ká sínú rẹ̀, ó fi lé Bàbá lọ́wọ́.

Bàbá tú u. Ojú rẹ̀ le. "Ta ló tẹ èyí? Ṣé èèrà ni wọ́n fẹ́ kó kà á?" Ṣùgbọ́n atẹ̀wé ni. Ó gbé awò rẹ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, kò fo ìlà kankan, Serifat sì kúnlẹ̀ dè é. Ó dé àárín ìwé. Ìka rẹ̀ dúró.

"Ó wà níbí," ló wí. "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ó lè fa ikọ́ gbígbẹ."

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ó ń ṣe àwọn kan. Oògùn mìíràn wà tí kì í fà á. Ká ní a bi yín ni, ọjọ́ yẹn gan-an ni Dókítà ì bá ti pa á dà."

"Èmi náà ò sì sọ." Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ torí pípa ẹnu mọ́ kú."

Nígbà tí Serifat gbójú sókè, Awwal ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó di aṣọ tó fi ń nu íǹkì mú. Kò mọ ìgbà tó ti dé ibẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀.

"Ṣé o ti jẹun?" ló bi í.

"O" ni. Serifat fi ọwọ́ bo ojú.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́," ni Awwal wí bó ti ń gbé e dìde. "Bó dùn, bó korò, sọ ọ́ fún mi. Má fi ṣúgà sí i."

"Mo gbà. Ìwọ náà, fọ ọwọ́ ẹ. O ti fi íǹkì kùn mí láṣọ."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ sí Fola Agoro. Bàbá tẹ́ ìwé pẹlẹbẹ náà síwájú Dókítà Bámilóyè, ó fi awò lé ìlà náà. Dókítà kà á. Ó dìde dúró. "Ẹ foríjì mí, Bàbá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, mi ò bi í." Ó kọ oògùn mìíràn, Bàbá bi í léèrè ohun mẹ́jọ lórí rẹ̀, ó dáhùn gbogbo ẹ̀, Bàbá sì gbé oògùn náà mì lójú gbogbo ènìyàn. Dókítà bẹ Godspower náà. Godspower ní kò sí wàhálà, àmọ́ kí wọ́n má tún dá àkàmù òun dúró o.

Láìpẹ́, ilé ìwòsàn náà gbé iṣẹ́ wá sí Bajulaiye: ìwé kan tí wọ́n á máa kọ orúkọ oògùn sí, ohun tó ń ṣe, ohun tó lè bà jẹ́, àti àyè fún aláìsàn láti fọwọ́ sí. Bàbá Lásísì kọ̀, kò tẹ̀ ẹ́, àfìgbà tí Dókítà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ka pùrúùfù, tó sì fọwọ́ sí i.

Oṣù márùn-ún kọjá. Ìfúnpá Bàbá ti balẹ̀, ó sì ti padà sí sáfù iwájú ní mọ́sálásí, kò húkọ́. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó ránṣẹ́ pe Serifat sí ṣọ́ọ̀bù. Awwal ló kọ́kọ́ rí níbẹ̀, ó dúró gbọin, ó wọ aṣọ mímọ́. Serifat wo ọwọ́ rẹ̀, àyà rẹ̀ já. Ìka rẹ̀ mọ́ nini. Kò sí íǹkì kankan ní èékánná rẹ̀.

"Awwal, ṣé ara ẹ yá?"

"Ọṣẹ ni," ni Bàbá dáhùn láti orí àga. "Láti àná ló ti ń fọ̀ ọ́. Wá jókòó."

Ó gbé káàdì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹ̀rọ síwájú rẹ̀. Orúkọ Awwal wà níbẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níbi tó yẹ kí ọjọ́ ìgbéyàwó wà, wọ́n fi àyè sílẹ̀. Nísàlẹ̀, ìlà kan wà fún ìfọwọ́sí.

"Àwọn èèyàn wa ti lọ kí ìyá rẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá," ni Bàbá wí. "Ó ní ká wá bi ìwọ fúnra rẹ. Pùrúùfù nìyẹn. Kà á lẹ́ẹ̀mẹta, má kánjú. Bí ohun kan bá wà nínú rẹ̀ tí ò tẹ́ ọ lọ́rùn, sọ ọ́, a máa tún un ṣe. Bí o bá sì ní kí á má tẹ̀ ẹ́, a ò ní tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi náà lo máa jẹ́."

Serifat kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó rí i pé Awwal ò mí mọ́.

"Mí sínú," ló wí fún un, kò gbójú sókè. "Mí síta."

Awwal mí. Bàbá yíjú sí ìta, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wo àwọn tó ń kọjá, ó sì ń fi etí apá aṣọ nu ojú.

Serifat mú bírò. Ó kọ ọjọ́ kan sí àyè tó ṣófo, ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ sí i, ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó sì dá a padà fún Bàbá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ lè tẹ̀ ẹ́, Bàbá."

Íǹkì káàdì náà ò tíì gbẹ. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò lára rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ ti di búlúù, kò sì yára lọ fọ̀ ọ́.